Ọmọ Tí Oṣù Rẹ̀ Kò Pé àti Àwọn Ẹ̀ṣọ́ Inú Ìfun

Kò sí ọmọ Yorùbá kan tí kò mọ ògì. Bí obìnrin bá fẹ́ ṣe é, yóò ṣa àgbàdo, yóò dà á sínú ìkòkò omi, yóò sì dé e. Ní ọjọ́ kejì tàbí ọjọ́ kẹta, bí ó bá ṣí ìkòkò náà, omi rẹ̀ á ti kan, ìfófòó á ti wà lójú rẹ̀, òórùn rẹ̀ á sì ti yí padà. Obìnrin náà kò bu ohun kíkan kan sí i. Ta ni ó wá sọ omi náà di kíkan? Àwọn òṣìṣẹ́ kan ni, tí a kò lè fi ojú lásán rí, tí wọn kì í sì í gba owó iṣẹ́. Ara àgbàdo ni wọ́n bá dé inú ìkòkò. Níbẹ̀ ni wọ́n ti jẹ, tí wọ́n ti bí sí i, tí wọ́n sì sọ omi di kíkan tó bẹ́ẹ̀ tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ì bá mú àgbàdo náà bàjẹ́ kò fi lè gbé ibẹ̀.

Bí ìkòkò ògì ti rí, bẹ́ẹ̀ ni inú ènìyàn rí. Nínú ìfun olúkúlùkù wa ni àwọn ẹ̀dá wẹ́wẹ́ wà, tí iye wọn pọ̀ ju iyanrìn etí odò lọ lójú ẹni tí ó bá fẹ́ kà wọ́n. Kòkòrò àìfojúrí ni a ó máa pè wọ́n nínú àròkọ yìí. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó rò pé ọ̀tá ni gbogbo kòkòrò àìfojúrí. Bẹ́ẹ̀ kọ́ ni ọ̀rọ̀ náà rí. Gẹ́gẹ́ bí olè ti wà nínú ìlú tí ẹ̀ṣọ́ sì wà, bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí láàárín wọn. Ìbéèrè tí a fẹ́ gbé yẹ̀ wò ni èyí: bí ọmọ kan bá wáyé kí oṣù rẹ̀ tó pé, tí ìfun rẹ̀ kò sì ní ẹ̀ṣọ́ tí ó tó, ǹjẹ́ ó yẹ kí àwọn oníṣègùn fi ẹ̀ṣọ́ àjèjì ránṣẹ́ sí i?

Àwọn baba wa a máa wí pé, bí a bá fara balẹ̀ pa èèrà, a ó rí ìfun inú rẹ̀. Ìfarabalẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni ó mú kí a mọ ohun tí ń bẹ nínú ìfun ọmọ-ọwọ́. Ní ọdún 1885, oníṣègùn ọmọdé kan tí ń jẹ́ Theodor Escherich ròyìn àwọn kòkòrò tí ó rí nínú ìgbẹ́ àwọn ọmọ-ọwọ́, nígbà tí ó fi awò tí ń sọ ohun kékeré di ńlá wò ó. Ní ọdún 1899, Henri Tissier, tí ń ṣiṣẹ́ ní ilé ẹ̀kọ́ ìwádìí Pasteur ní ìlú Paris, rí òmíràn nínú ìgbẹ́ àwọn ọmọ tí ń mu ọmú ìyá wọn. Kòkòrò yìí pín sí méjì ní orí bí ẹ̀ka igi tí ó ní pàlàká, nítorí náà ni a ṣe ń pè é ní bifidobacterium títí di òní, orúkọ tí a mú láti inú èdè Látìnì fún ohun tí ó là sí méjì. Tissier kíyè sí i pé kòkòrò oníparí pàlàká yìí pọ̀ nínú ọmọ tí ara rẹ̀ le, ṣùgbọ́n ó ṣọ̀wọ́n nínú ọmọ tí ìgbẹ́ gbuuru ń dà láàmú. Ó wá dábàá pé kí a máa fi kòkòrò náà fún àwọn ọmọ tí ń ṣàìsàn. Láti ìgbà náà ni èrò náà ti wà, pé a lè fi kòkòrò wo àrùn tí kòkòrò fà.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo bí ẹ̀ṣọ́ wọ̀nyí ti ń dé inú ọmọ tí oṣù rẹ̀ pé. Nígbà tí ọmọ wà ní inú ìyá rẹ̀, olóbi ni ń gbé oúnjẹ fún un láti inú ẹ̀jẹ̀ ìyá, ìfun rẹ̀ kò sì tíì ní iṣẹ́ púpọ̀ láti ṣe. Ní wákàtí ìbí ni gbogbo nǹkan yí padà. Bí ọmọ ti ń gba ojú ara ìyá kọjá ni ó ń gbé lára àwọn kòkòrò ibẹ̀ mì. Bí a ti gbé e lé ìyá rẹ̀ láyà ni ó ń gba tí ara ìyá. Bí ó sì ti ń fa ọmú ni àwọn mìíràn ń tẹ̀ lé omi ọmú wọ inú rẹ̀ lọ. Kí ọjọ́ mélòó kan tó kọjá, ìfun tí ó ṣófo ti di ìlú tí ó kún fún ènìyàn.

Iṣẹ́ mẹ́ta pàtàkì ni àwọn kòkòrò aṣoore ń ṣe níbẹ̀. Èkínní, wọ́n ń sọ inú ìfun di kíkan díẹ̀, bí ti omi ògì, kí àwọn kòkòrò búburú má baà rí ibùgbé. Èkejì, wọ́n ń ràn án lọ́wọ́ kí ara ògiri ìfun lè dì mọ́ra dáradára. Ẹ̀kẹta, wọ́n ń kọ́ àwọn jagunjagun inú ẹ̀jẹ̀ ọmọ láti mọ ọ̀rẹ́ yàtọ̀ sí ọ̀tá, kí wọn má baà máa jagun níbi tí kò sí ogun.

Ohun ìyanu kan wà nínú omi ọmú tí ó yẹ kí gbogbo ènìyàn mọ̀. Lẹ́yìn ṣúgà tí ń mú omi ọmú dùn, àti lẹ́yìn ọ̀rá, ohun tí ó tún pọ̀ jù lọ nínú omi ọmú yàtọ̀ sí omi gan-an ni irú àwọn ṣúgà kan tí ìfun ọmọ kò lè lọ̀ rárá. Ó pẹ́ tí èyí fi ń ya àwọn onímọ̀ lẹ́nu. Kí ni ìyá ń ṣe oúnjẹ fún ọmọ sí, tí ọmọ kò lè jẹ? Ìdáhùn rẹ̀ ni pé kì í ṣe ọmọ ni ó ni oúnjẹ náà. Àwọn kòkòrò oníparí pàlàká tí Tissier rí ni ó ni ín. Ìyá ń bọ́ ọmọ, ó sì ń bọ́ àwọn tí ń ṣọ́ ọmọ pẹ̀lú.

Nísinsin yìí, ẹ jẹ́ kí a wo ọmọ tí a bí ṣáájú àkókò. Ọmọ tí a bá bí kí oyún tó pé ọ̀sẹ̀ 37 ni àwọn oníṣègùn ń pè ní ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé. Gẹ́gẹ́ bí ìṣirò Àjọ Ìlera Àgbáyé, irú ọmọ bẹ́ẹ̀ tí a bí ní gbogbo ayé ní ọdún 2020 tó mílíọ̀nù 13.4, nínú ọmọ mẹ́wàá, ó tó ẹyọ kan. Orílẹ̀-èdè Nàìjíríà wà lára àwọn ibi tí wọ́n ti pọ̀ jù lọ. Púpọ̀ nínú wọn a máa wáyé nígbà tí ó kù díẹ̀ kí oṣù pé, wọ́n a sì máa dàgbà láìsí wàhálà ńlá. Àwọn tí ọ̀rọ̀ wa kàn jù ni àwọn tí a bí kí oyún tó pé ọ̀sẹ̀ 32, pàápàá àwọn tí wọn kò tó gíráàmù 1500 nígbà tí a gbé wọn lé orí òṣùwọ̀n.

Ìfun irú ọmọ bẹ́ẹ̀ dàbí ilé tí àwọn ọ̀mọ̀lé kò tíì parí. Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí ó kẹ́yìn oyún ni ìfun ọmọ máa ń gùn sí i di ìlọ́po méjì. Ẹni tí ó bá wáyé kí àkókò náà tó parí kò ní ànfààní rẹ̀ ní kíkún. Omi kíkan inú ikùn rẹ̀ kéré. Ìfun rẹ̀ kò tíì mọ bí a ti ń ti oúnjẹ síwájú dáradára, nítorí náà oúnjẹ a máa dúró pẹ́ lójú kan. Ògiri ìfun náà tinrin, àlàfo sì wà lára rẹ̀. Ẹ rántí òwe tí ó wí pé bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀. Ògiri tiwọn ti lanu kí aláǹgbá tó dé.

Yàtọ̀ sí èyí, ọ̀nà tí ẹ̀ṣọ́ ì bá gbà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ti dí. Ọ̀pọ̀ irú àwọn ọmọ wọ̀nyí ni a ń fi iṣẹ́ abẹ gbé jáde, nítorí náà wọn kò gba ojú ara ìyá kọjá. A ń gbé wọn sínú àpótí tí ń mú ara móoru, jìnnà sí àyà ìyá. Wọn kò tíì mọ bí a ti ń fa ọmú, kí a sì gbé e mì, kí a sì tún mí lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí náà okùn róbà tín-ín-rín tí a gbà ní imú tàbí ẹnu wọn ni oúnjẹ ń bá dé inú wọn. A sì máa ń fún wọn ní oògùn tí ń pa kòkòrò, nítorí ìbẹ̀rù àrùn. Oògùn náà a máa gba ẹ̀mí là, ṣùgbọ́n kò mọ ẹ̀ṣọ́ yàtọ̀ sí olè. Gbogbo wọn ni ó ń pa. Bí ìlú bá sì ṣófo, àwọn kòkòrò líle tí ń gbé ilé ìwòsàn ni yóò kọ́kọ́ dé ibẹ̀.

Láti inú irú ìṣòro yìí ni àrùn búburú kan ti ń jáde, tí àwọn oníṣègùn ń pè ní NEC, tí àwa lè pè ní àrùn ìjẹrà ìfun. Ohun tí ó mú un burú ní pàtàkì ni àkókò tí ó ń dé. Kì í sábà dé ní ọjọ́ kìíní, nígbà tí ọkàn gbogbo ènìyàn wà lókè. Nínú àwọn ọmọ tí ó kéré jù lọ, ó sábà máa ń jẹ́ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, méjì tàbí mẹ́ta, nígbà tí ọmọ ti ń mí dáradára, tí ó ti ń gba oúnjẹ, tí ìyá sì ti bẹ̀rẹ̀ sí rẹ́rìn-ín. Lójijì ni ikùn ọmọ yóò wú tí yóò sì le. Yóò máa bì omi aláwọ̀ ewé, ẹ̀jẹ̀ yóò hàn nínú ìgbẹ́ rẹ̀, ara rẹ̀ yóò sì rọ. Bí apá kan ìfun bá ti kú, ó lè lu, kí ohun inú rẹ̀ sì tú sínú ikùn. Nígbà náà, iṣẹ́ abẹ nìkan ni ó kù. Nínú àwọn tí àrùn náà mú, kì í ṣe díẹ̀ ni ó ń kú. Nínú àwọn tí ó yè, àwọn kan wà tí ìfun wọn kò gùn tó láti fi gba oúnjẹ sára mọ́.

Ààbò àkọ́kọ́ tí a mọ̀ fún àrùn yìí kò ti ilé oògùn wá. Ara ìyá ni ó ti wá. Ní ọdún 1990, Lucas àti Cole tẹ ìwádìí kan jáde ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lórí ọmọ 926 tí oṣù wọn kò pé. Wọ́n rí i pé àrùn ìjẹrà ìfun wọ́pọ̀ nínú àwọn ọmọ tí wàrà inú agolo nìkan ni wọ́n ń gbà, ní ìlọ́po mẹ́fà sí ìlọ́po mẹ́wàá, ju nínú àwọn tí omi ọmú nìkan ni wọ́n ń gbà lọ. Ààbò kejì ni àyà ìyá fúnra rẹ̀. Ní ìlú Bogotá ní orílẹ̀-èdè Kòlóḿbíà, ní ọdún 1978, àwọn àpótí tí ń mú ara móoru kò kárí àwọn ọmọ tí ó nílò wọn. Edgar Rey Sanabria, àti lẹ́yìn rẹ̀ Héctor Martínez, bẹ̀rẹ̀ sí gbé àwọn ọmọ náà sí àyà ìyá wọn, ní ara sí ara, bí ẹranko kangaruú ti ń gbé ọmọ rẹ̀ sínú àpò ikùn. Ara àwọn ọmọ móoru, wọ́n rí ọmú nítòsí, kòkòrò ara ìyá sì di tiwọn.

Ní ìlú Bogotá yìí kan náà ni a tún ti gbìyànjú èrò Tissier lórí àwọn ọmọ-ọwọ́ inú ilé ìwòsàn. Oníṣègùn Hoyos fún gbogbo ọmọ tuntun tí ó wọ ibi ìtọ́jú tirẹ̀, ọmọ 1,237, ní irú kòkòrò aṣoore méjì lójoojúmọ́. Ní ọdún 1999 ó ròyìn pé 34 nínú wọn ni àrùn ìjẹrà ìfun mú. Ní ọdún tí ó ṣáájú, nígbà tí a kò fún ẹnikẹ́ni, 85 ni ó mú nínú ọmọ 1,282. Ìròyìn ayọ̀ ni èyí. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ kọ́ láti bi irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ ní ìbéèrè. Ọdún kan kì í rí bí èkejì. Bí àgbẹ̀ bá lo ajílẹ̀ tuntun ní ọdún tí òjò rọ̀ dáradára, báwo ni yóò ṣe mọ̀ bóyá ajílẹ̀ ni ó mú iṣu ta, tàbí òjò?

Nítorí èyí ni àwọn mìíràn ṣe lo ọ̀nà tí ó dájú jù. Wọ́n ṣẹ́ kèké, wọ́n pín àwọn ọmọ sí apá méjì ní àkókò kan náà. Apá kan gba ìyẹ̀fun tí kòkòrò aṣoore wà nínú rẹ̀, apá kejì gba ìyẹ̀fun lásán tí ó jọ ọ́, àwọn tí ń tọ́jú wọn kò sì mọ èyí tí ọmọ kan gbà. Ní ilẹ̀ Australia àti New Zealand, a ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọmọ 1,099, a sì tẹ èsì rẹ̀ jáde ní ọdún 2013. Irú kòkòrò mẹ́ta ni a pò pọ̀ fún wọn. Àrùn ìjẹrà ìfun mú ọmọ 2 nínú ọgọ́rùn-ún nínú àwọn tí ó gbà á, àti ọmọ 4.4 nínú ọgọ́rùn-ún nínú àwọn tí kò gbà á. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, a ṣe irú ìdánwò kan náà fún ọmọ 1,315, irú kòkòrò kan ṣoṣo ni a sì lò. Nígbà tí èsì rẹ̀ jáde ní ọdún 2016, apá méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba: 9 nínú ọgọ́rùn-ún ní apá kan, 10 nínú ọgọ́rùn-ún ní apá kejì. A tún rí i pé kòkòrò náà ti ràn dé ara púpọ̀ nínú àwọn ọmọ tí a kò fún rárá. Ohun alààyè ni, kì í dúró níbi tí a fi í sí.

Kí ló dé tí èsì wọ̀nyí kò bára mu? Obìnrin tí ń ṣe ògì àti obìnrin tí ń ṣe irú lè kọ́ wa. Àwọn òṣìṣẹ́ àìfojúrí ni ó ń bá àwọn méjèèjì ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n irú èyí tí ń sọ omi àgbàdo di kíkan kọ́ ni ó ń sọ ìyere igbá di irú. Olúkúlùkù ni ó ní iṣẹ́ tirẹ̀. Ẹni tí ó bá wí pé “kòkòrò aṣoore ń wo àrùn yìí” láìdárúkọ èwo nínú wọn dàbí ẹni tí ó wí pé “ewé ń wo ibà.” Ewé wo?

Ewu pẹ̀lú wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ní ọdún 2014, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, a fún ọmọ kan tí a bí ní ọ̀sẹ̀ 29 ní irú ìyẹ̀fun yìí. Ohun mìíràn ti bá a dàpọ̀, ìbátan ohun tí ń hù lára búrẹ́dì tí ó ti bu, ọmọ náà sì kú. Ní ọdún 2023, àjọ ìjọba ilẹ̀ Amẹ́ríkà tí ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn kéde pé ọmọ mìíràn, tí kò tó gíráàmù 1000, ti kú nígbà tí kòkòrò aṣoore tí a fún un gan-an wọ inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Bí ògiri bá ti lanu, kì í ṣe aláǹgbá nìkan ni ó lè gba ibẹ̀ kọjá. Ẹ̀ṣọ́ pàápàá lè ṣìnà wọ yàrá tí kò yẹ kí ó wọ̀. Ó ba ni nínú jẹ́ pé àwọn ọmọ tí ó kéré jù lọ, tí wọ́n nílò ìrànlọ́wọ́ jù, ni ewu yìí sún mọ́ jù.

Kí ni ìdájọ́ àwọn amòye lórí rẹ̀? Ní ọdún 2023, àwọn kan kó ìdánwò 60 jọ, tí àwọn ọmọ inú wọn jẹ́ 11,156. Nígbà tí a wo gbogbo wọn pa pọ̀, ó jọ pé kòkòrò aṣoore dín àrùn ìjẹrà ìfun kù tó bí ìdajì. Ṣùgbọ́n ẹ̀rí náà kò lágbára tó, pàápàá fún àwọn ọmọ tí ó kéré jù lọ. Ní ọdún 2022, Àjọ Ìlera Àgbáyé wí pé a lè gbé e yẹ̀ wò fún ọmọ tí a bí kí oyún tó pé ọ̀sẹ̀ 32, bí ó bá jẹ́ pé omi ọmú ni ó ń mu. Ní ọdún 2021, ẹgbẹ́ àwọn oníṣègùn ọmọdé ilẹ̀ Amẹ́ríkà wí pé àwọn kò fara mọ́ fífún gbogbo irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n lórí ọmú ìyá, kò sí àríyànjiyàn láàárín wọn. Bákan náà ni Àjọ Ìlera Àgbáyé pàṣẹ gbígbé ọmọ sí àyà, ní ara sí ara, fún wákàtí 8 sí 24 lójúmọ́, kí a sì bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní kété tí a bá ti bí i.

Ó yẹ kí a fa ẹ̀kọ́ kan yọ fún ilé tiwa. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbọ́ pé àwọn òṣìṣẹ́ rere wà nínú ògì, kí ó wá lọ bu omi ògì sí ẹnu ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé. Àwọn kòkòrò tí kò lè ṣe àgbà ní ibi lè pa irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni àgbo, bẹ́ẹ̀ náà ni omi lásán, bẹ́ẹ̀ náà ni ìyẹ̀fun tí a bá rà ní ọjà láìjẹ́ pé oníṣègùn pàṣẹ rẹ̀. Bí aboyún bá bẹ̀rẹ̀ sí rọbí kí oṣù tó pé, ilé ìwòsàn ni kí a gbé e lọ ní kíá. Bí a bá bí ọmọ tán, tí kò sì lè fa ọmú, kí ìyá máa fi ọwọ́ tí a fọ̀ mọ́ fún omi ọmú sínú ife tí ó mọ́, láti ọjọ́ kìíní. Omi ọmú àkọ́kọ́ tí ó ki, tí ó sì pọ́n, tí àwọn ẹlòmíràn máa ń fún dànù, ni ó kún fún ohun ìjà jù lọ. Bí ó tilẹ̀ jẹ́ ẹ̀kán díẹ̀, kí a má ṣe fi ṣòfò.

Nígbà tí a bá rí ìyá kan tí ó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ àpótí ọmọ rẹ̀ ní ilé ìwòsàn, tí ó ń fi sùúrù fún omi ọmú ní ẹ̀kán ẹ̀kán, ó lè dàbí ẹni pé kò sí ohun ńlá tí ó ń ṣe láàárín gbogbo ẹ̀rọ tí ń tàn wìnnìwìnnì yí i ká. Àwọn onímọ̀ ti ṣiṣẹ́ ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ láti wá ẹ̀ṣọ́ tí a lè fi ránṣẹ́ sí ìfun ọmọ náà, wọ́n sì ń wá a síbẹ̀. Ohun tí wọ́n ti rí tí ó dájú ni pé, nínú ife kékeré tí ó wà lọ́wọ́ ìyá yẹn, oúnjẹ ọmọ wà níbẹ̀, oúnjẹ àwọn ẹ̀ṣọ́ wà níbẹ̀, púpọ̀ nínú àwọn ẹ̀ṣọ́ náà sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú.